ỌJÀ LẸ́YÌN ÌFẸ̀YÌNTÌ: OWÓ WO NI OWÓ ORÍ KÀN?
Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún

  

Wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ mi má gùn, nítorí ìrẹsì ti jinná. N kò ní pẹ́. Ẹ wò ó, ẹgbẹ́ wa ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ohun tí ìyá ẹni bá tà ni ọmọ ń tà. Lónìí, àwọn tíṣà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì wà láàárín wa. Wọ́n ń gba pẹ́ńṣàn lóṣooṣù, wọ́n sì ń tajà lọ́jọ́ méjì mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn mìíràn ṣì ń lọ kọ́ ọmọ ní ilé ìwé aládàáni láàárọ̀ kí wọ́n tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, "Akọ̀wé, ṣé wọn yóò gba owó orí lórí pẹ́ńṣàn mi nítorí pé mo tún ń ṣiṣẹ́?"

Rárá o. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó ṣàtẹ́wọ́.

Ní ọdún 2022, ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ tíṣà tẹ́lẹ̀, tó ń ta aṣọ báyìí, bi mí bóyá kí òun ṣí àpò míràn ní báńkì fún owó ọjà. Mo ní, "Ìyá, ẹ má da ara yín láàmú, owó kan náà ni, àpò kan ti tó." Pẹ́ńṣàn ń wọ ibẹ̀, owó àwọn oníbàárà ń wọ ibẹ̀, owó tí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ ń wọ ibẹ̀, owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa náà wọ ibẹ̀. Nígbà tí àwọn agbowó orí dé, wọ́n ní kí ó mú ìwé báńkì wá, wọ́n sì ka gbogbo owó tó wọlé sí owó ọjà. Òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Ìyá wa kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ tí yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó ta aṣọ ní ìtàkútà kí ó tó rí owó náà san.

Ó ń tì mí lójú títí dòní, nítorí ẹnu èmi ni ìmọ̀ràn yẹn ti jáde. Mo tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. A mú ìwé ìṣirò tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì wọn, a mú ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wa. Wọ́n gbà láti yọ pẹ́ńṣàn àti owó ẹ̀yáwó kúrò. Ṣùgbọ́n owó tí àwọn ọmọ fi ránṣẹ́, a kò rí ẹ̀rí rẹ̀ mú wá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kà á mọ́ owó ọjà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka òfin wọ̀nyí, tí mo sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí òfin sọ rèé. Òfin ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2004, tí wọ́n fi tuntun rọ́pò ní 2014, ló dá àpò ìfẹ̀yìntì tí a ń pè ní RSA sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí a ń pè ní PFA ló ń tọ́jú owó inú rẹ̀, àjọ PenCom ló sì ń mójú tó àwọn PFA. Nínú N100 owó oṣù, òṣìṣẹ́ ń dá N8, agbanisíṣẹ́ ń dá N10. Ẹ ṣàkíyèsí ohun mẹ́ta. Ìkíní, wọn kì í gba owó orí lórí owó tí òṣìṣẹ́ dá sínú rẹ̀. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó ṣírò. Ìkejì, èrè tí owó náà ń jẹ níbi tí PFA fi í sí, kò sí owó orí lórí rẹ̀. Ìkẹta, nígbà tí ẹ bá fẹ̀yìn tì, èyí tí wọ́n san lẹ́ẹ̀kan náà àti èyí tí wọ́n ń san lóṣooṣù, owó orí kò kàn án. Bí ẹ bá tún ń ṣiṣẹ́, ìyẹn kò yí i padà.

Ibi tí ààlà wà nìyí: owó iṣẹ́ tuntun kì í ṣe pẹ́ńṣàn. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ yóò san owó orí lórí owó oṣù yẹn bí òṣìṣẹ́ yòókù. Bí ẹ bá sì fi owó ìfẹ̀yìntì ra ọjà, owó orí kò kan owó tí ẹ fi ra á. Èrè tó wá láti inú ọjà náà ni ó kàn. Igi ni pẹ́ńṣàn, èso ni èrè. Èso ni wọ́n ń ká, wọn kì í gé igi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òfin owó orí tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 January 2026. Ó ní N800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó wọlé fún ènìyàn lọ́dún kò ní owó orí. Lórí N2,200,000 tó tẹ̀ lé e, kọ́bọ̀ 15 ni lórí náírà kọ̀ọ̀kan. Ká ní ìyá kan ń gba pẹ́ńṣàn N60,000 lóṣù, ìyẹn N720,000 lọ́dún. Èrè ọjà rẹ̀ lọ́dún jẹ́ N1,100,000. Pẹ́ńṣàn kò wọ inú ìṣirò. Ẹ yọ N800,000 kúrò nínú èrè, ó ku N300,000. Owó orí rẹ̀ jẹ́ N45,000. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ka pẹ́ńṣàn mọ́ ọn, yóò di N1,820,000, owó orí á sì di N153,000. N108,000 ni àpò kan ṣoṣo lè jẹ yín ní gbèsè! Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó ilé, ẹ tún lè yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé ọdún náà, bí kò bá ti ju N500,000 lọ. Ẹ tọ́jú ìwé owó ilé yín.

Èrè ni mo wí o, kì í ṣe iye tí ẹ tà. Owó ọjà tí ẹ rà, owó ọkọ̀, owó alábàárù, owó ṣọ́ọ̀bù, epo jẹnẹrétọ̀, gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó yọ kí ẹ tó pè é ní èrè. Ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀, kí ni yóò fi yọ ọ́?

Ohun kan tún wà tó ń mú ènìyàn lẹ́sẹ̀. Òfin gbà kí òṣìṣẹ́ fi owó tirẹ̀ kún RSA, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń yọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba irú owó àfikún bẹ́ẹ̀ jáde kí ó tó pé ọdún 5, owó orí yóò kan èrè tó jẹ. Ẹ má fi owó tí ẹ máa fi san owó ilé ìwé ọmọ ní September há ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Láti March 2019 ni PenCom ti ṣí ilẹ̀kùn RSA fún ọlọ́jà, oníṣẹ́ ọwọ́ àti awakọ̀. Micro Pension ni wọ́n ń pè é. Ní 2025 wọ́n yí i padà sí Personal Pension Plan. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìdá 40 nínú 100 ni a lè mú jáde bí ìnáwó bá dé, ìdá 60 dúró de ọjọ́ ogbó. Ẹni tó ti ní RSA níbi iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣí òmíràn o. Ọ̀kan ṣoṣo ni fún ènìyàn títí ọjọ́ ayé, nọ́ńbà rẹ̀ kì í yí padà. Bí PFA kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè kó o lọ sí ọ̀dọ̀ PFA míràn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Láti November 2020 ni ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin kí oṣù yìí tó parí:

1. Ẹ jẹ́ kí pẹ́ńṣàn ní àpò báńkì tirẹ̀, kí owó ọjà ní tirẹ̀.
2. Ẹ ra ìwé kan, ẹ máa kọ ohun tí ẹ rà àti ohun tí ẹ tà lálẹ́. Bí ojú bá ń dùn yín, ẹ pe ọmọ kó kọ ọ́.
3. Ẹ tọ́jú ìwé ìṣirò tí PFA ń fi ránṣẹ́, ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́, àti rìsíìtì owó orí. Bí ọmọ bá fi owó ránṣẹ́, kí ó kọ "fún ìyá mi" sí i.
4. Ìwé owó orí ọdún tó kọjá gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kí 31 March tó kọjá. Ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá wá.

Ẹni tí kò bá yé, kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀sán Thursday, kó mú ìwé báńkì rẹ̀ dání. N kò ní gba kọ́bọ̀. Mo ti jẹ gbèsè ìmọ̀ràn kan, ẹ jẹ́ kí n máa fi èyí san án díẹ̀díẹ̀. Ìyá wa aláṣọ jókòó síbẹ̀ yẹn. Àpò méjì ni wọ́n ní báyìí, àwọn gan-an ló sì ní kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí lónìí.

A ti ṣe làálàá tó. Owó tí a fi òógùn wá kò ní bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ní ọjọ́ alẹ́. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú, ọjà wa kò ní jó, àṣèyí ṣàmọ́dún o.