Bí Wọ́n Ṣe Ń Dá Òkúta Òfurufú Tó Ti Gbó Mọ̀

(Ohùn afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀, ó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.)

ATỌ́KÙN: Púpọ̀ nínú àwọn òkúta òfurufú tí wọ́n ń ṣà ní aṣálẹ̀ Sàhárà, láti Mòrókò títí dé Líbíà, ti wà nílẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Èèpo dúdú tí ooru fi bò wọ́n nígbà tí wọ́n ń já bọ̀ ti bó lára ọ̀pọ̀ wọn, irin inú wọn ti dógùn-ún, àwọ̀ wọn sì ti pọ́n rúsúrúsú. Síbẹ̀, ẹ̀yà wọn ṣì ṣeé mọ̀, nítorí ìpẹtà kì í kọlu gbogbo èròjà òkúta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń wá ni chondrule, hóró róbótó tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Ẹ̀kán òkúta yíyọ́ ni, tó dì ní ohun tó lé ní bílíọ̀nù 4.5 ọdún sẹ́yìn. Òkúta tó bá ní in ni wọ́n ń pè ní chondrite. Òkúta Zagami, tó já bọ́ ní agbègbè Katsina ní Nàìjíríà lọ́dún 1962, kò ní in rárá: ilẹ̀ yíyọ́ tó dì lórí pílánẹ́ẹ̀tì Mars ni.

(Ohùn ayùn tí ń gé òkúta.)

ATỌ́KÙN: Wọn á gé pẹlẹbẹ kan, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí, wọn á sì lọ̀ ọ́ títí ìnípọn rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bíi mìlímítà 0.03, kí ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá. Ẹ̀rọ tí ń ta ìtànṣán electron yóò wá wọn irin tó wà nínú olivine, ọ̀kan lára àwọn èròjà òkúta náà. Bí àpapọ̀ àtọ́ọ̀mù irin àti ti magnesium inú rẹ̀ bá jẹ́ 100, tí irin kó nǹkan bíi 16 sí 20, ẹ̀yà H ni. 22 sí 26 jẹ́ L. 27 sí 32 jẹ́ LL. Irin pọ́ńbélé tún wà lọ́tọ̀, ó sì pọ̀ jù lọ nínú H. Òòfà lè fi èyí hàn nínú òkúta titun, ṣùgbọ́n H tó ti dógùn-ún lè fara jọ LL. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi ń dúró lórí olivine.

Lẹ́yìn èyí ni ìhun inú òkúta. Lọ́dún 1967, Van Schmus àti Wood gbé òǹkà kan kalẹ̀ fún un. Ní oríṣi 3, etí chondrule ṣì mọ́ kedere, iye irin inú olivine sì ń yàtọ̀ láti hóró dé hóró. Ooru inú òkúta ńlá tí wọ́n ti wá ló ń mú ìyàtọ̀ yìí dọ́gba ní oríṣi 4. Ní oríṣi 6, etí chondrule ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, hóró feldspar, èròjà mìíràn, sì ti tóbi.

Wọ́n ń ka ìpẹtà fúnra rẹ̀ láti W0 dé W6, bí Wlotzka ṣe là á sílẹ̀ lọ́dún 1993. Ní W1, etí irin nìkan ló ti dógùn-ún. Ní W3, ìpẹtà ti gba 60 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún irin. Ní W4, ó ku díẹ̀ kó tán. Láti W5 ni olivine gan-an ti ń bàjẹ́. Nítorí náà, òkúta L5, W3, ìyẹn ẹ̀yà L, oríṣi 5, tí ìpẹtà rẹ̀ dé W3, ṣì ní ẹ̀rí tó pé.

Kí ìgbìmọ̀ Meteoritical Society tó fọwọ́ sí orúkọ òkúta, apá kan rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní mùsíọ́mù tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó tọ́. Èyí tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n ti rí i gan-an ní Sàhárà ń jẹ́ Northwest Africa pẹ̀lú nọ́ńbà, bíi Northwest Africa 869, tó jẹ́ ẹ̀yà L.