Àmì Ọrùn Ajá: Ẹni Tí Yóò Rí I Ni Kí Ẹ Rò

   

Ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tuntun kan tó lè wúlò nínú ilé. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń retí kí n sọ̀rọ̀ ìjọba, nítorí pé iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí ìjọba sinmi lónìí. Ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ níbí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdẹ kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí òwe nìkan. A máa so ṣaworo mọ́ ajá rẹ̀ lọ́rùn kó tó wọ igbó, kí etí rẹ̀ lè máa bá ajá lọ dé ibi tí ojú kò tó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àṣà òyìnbó ni àmì ọrùn ajá. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ajá tiwa kò sí nínú igbó mọ́. Ó wà lẹ́yìn géètì ní Òkè-Ìléwó, ní Ìbarà, ní Kútò, níbi tí ọkọ̀ àti ọ̀kadà kò ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá gbàgbé géètì ní ṣíṣí, tàbí bí wọ́n bá yin báńgà lọ́jọ́ Kérésìmesì, ajá á ta kán, ó di àárín èrò. Etí olówó rẹ̀ kò lè gbọ́ ṣaworo níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ni yóò rí i. Ẹni yẹn ni mo fẹ́ kí a máa rò títí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi parí.

Ní báyìí, wọ́n ń ta àmì ọrùn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní QR code lára. Gbogbo yín lẹ ti rí QR code: onígun mẹ́rin kékeré tó kún fún àmì dúdú àti funfun, irú èyí tó máa ń wà lára ìwé ìpè ìnáwó àti níbi tí wọ́n ti ń sanwó ọjà. Ará Japan kan, Masahiro Hara, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Denso, ló ṣe é jáde ní 1994. Wọn kò ro ti ajá rárá. Ẹ̀yà ara mọ́tò ni wọ́n fẹ́ máa fi tọpa nílé iṣẹ́. Àwọn onígun mẹ́rin ńláńlá mẹ́ta tó wà ní igun rẹ̀ ló ń sọ fún fóònù ibi tó kọjú sí, kódà bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò. Àwọn tó ṣe é kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá lò ó. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń nájà: àmì náà fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Irin, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó fín in, owó ẹni tó gbé e wá, àti ojú-ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì, bó bá wà, ni ẹ ń sanwó fún.

Bí wọ́n ṣe ń rà á kò le. Ẹ ó mú irin tàbí ike tí ẹ fẹ́, ẹ ó mú bó ṣe tóbi tó, ẹ ó kọ orúkọ ajá àti nọ́ńbà fóònù yín, ẹ ó sanwó, ẹ ó sì dúró de ẹni tí yóò gbé e wá. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń parí rẹ̀. Wọn kì í béèrè ohun tó wà nínú QR code náà, bẹ́ẹ̀ oríṣi méjì ló wà.

Oríṣi kìíní, nọ́ńbà fóònù yín gan-an ló wà nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá gbé kámẹ́rà fóònù sí i, nọ́ńbà á jáde, á sì pè yín. Kò nílò dátà. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹ bá pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ irin náà.

Oríṣi kejì, ọ̀nà tó lọ sí ojú-ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ lè fi àwòrán ajá síbẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́, kí ẹ sì máa tún nọ́ńbà ṣe nígbàkígbà. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí ajá gbọ́dọ̀ ní fóònù ńlá, kó sì ní dátà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ta ọjà ni ojú-ewé náà sì wà. Àwọn kan ń gba owó lọ́dọọdún kí wọ́n tó jẹ́ kó máa ṣí. Ọjọ́ tí ẹ kò bá san, tàbí ọjọ́ tí onítọ̀hún bá kógbá sílé, ohun tó wà lọ́rùn ajá yín ti di ẹ̀ṣọ́ lásán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi kan ládùúgbò yìí. Ó ra oríṣi kejì fún ajá rẹ̀, ó rẹwà, ó ń dán gbinrin. Ajá sọnù ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ìyá kan tó ń dín àkàrà ló rí i, ó fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀, ó ń fún un ní omi. Ìyá náà ń ṣe dáadáa, àbí? Ó rí irin tó wà lọ́rùn ajá, ó rò pé ọnà ni wọ́n fín sí i. Fóònù kékeré oníná tọ́ọ̀ṣì ló ní. Ọ̀rẹ́ mi ń wá ajá kiri títí ó fi di Sátidé, títí di ọjọ́ Àìkú, bẹ́ẹ̀ ibi tí ajá wà kò tó ìrìn ogún ìṣẹ́jú sí ilé rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá ra àkàrà fi fóònù tirẹ̀ wò ó. Ìyá aláàkàrà ṣe gbogbo ohun tí ọmọlúwàbí lè ṣe. Àmì ọrùn náà ni kò bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ohun tí mo wá sọ nìyẹn. Kì í ṣe ajá ló ń ka ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ rà á. Ẹni tó máa rí i ni. Ẹ rò ó wò: ta ló máa rí ajá yín? Ọlọ́kadà ni, tàbí alátà, tàbí mẹkáníìkì, tàbí ọmọ ilé-ìwé tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ra àmì náà bí ẹni pé àwọn gan-an lẹ ń rà á fún.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Àkọ́kọ́, ẹ ní kí wọ́n fín nọ́ńbà fóònù yín gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ojú lásán lè kà á. Bí àyè bá wà, nọ́ńbà méjì. Kí wọ́n fi Yorùbá kọ ọ́: Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ PÈ MÍ. Bí ọlọ́jà bá ní òun kò lè ṣe é, ẹ lọ bá ẹlòmíràn.

Èkejì, ẹ béèrè oríṣi QR code tí yóò fi síbẹ̀, ẹ sì béèrè bóyá owó ọdọọdún wà. Kó kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹta, irin tó ń dán bí díńgí kò dára fún kámẹ́rà, oòrùn á máa ta lára rẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀ ló dára, kí àmì rẹ̀ sì dúdú dáadáa. Wọ́n lè ṣe QR code tó jẹ́ pé bí nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ bá há, fóònù á ṣì kà á, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ béèrè fún un. Bí ó bá dé, ẹ fi fóònù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dán an wò, lóòrùn àti lábẹ́ iná, kí ẹ tó so ó. Kí ìka méjì lè wọ abẹ́ okùn ọrùn náà, kó má baà fún ajá lọ́rùn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má kọ àdírẹ́sì ilé yín sí ojú-ewé tí gbogbo ayé lè ṣí, ẹ má sì fi àwòrán àwọn ọmọ síbẹ̀. Orúkọ ajá, nọ́ńbà, àti ọjọ́ abẹ́rẹ́ ti tó. Ẹ fi àmì ara kan pa mọ́ sínú, bí àpá tàbí èékánná funfun kan. Bí ẹnikẹ́ni bá pè pé ajá yín wà lọ́wọ́ òun, kí ẹ fi owó ránṣẹ́ ná, ẹ ní kó sọ àmì náà. Gbájúẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ sì lọ gba ajá yín, níbi tí èrò wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìlú Ọba lè bi mí pé, máíkírósíìpù ńkọ́? Ẹ seun. Ní England, òfin ti mú un ní dandan fún ajá láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2016, àti fún ológbò láti ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 2024. Ó kéré bí hóró ìrẹsì, abẹ́ awọ ni wọ́n ń fi í sí, nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 15 ló sì máa ń wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, òfin 1992 tó ní kí orúkọ àti àdírẹ́sì olówó ajá wà lọ́rùn rẹ̀ níta gbangba kò kúrò nílẹ̀ níbẹ̀. Kí ló fà á? Dókítà ẹran ló ní ẹ̀rọ tó ń ka máíkírósíìpù. Aládùúgbò kò ní in. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún wọn lọ́hùn-ún, mélòó-mélòó ni àwa tí a wà lábẹ́ Olúmọ.

Mo ní ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Òun ló kàn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni àrùn dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Ajá ló ń kó o ran ènìyàn ní ìgbà 99 nínú 100. Ọmọdé pọ̀ nínú àwọn tó ń bù jẹ. Bí àrùn náà bá ti fara hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó yè é. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n sì sáré gbé onítọ̀hún lọ sí ọsibítù fún abẹ́rẹ́, wọ́n lè dènà rẹ̀.

Kí ni àmì ọrùn fẹ́ ṣe níbẹ̀? Bí ajá tí kò ní àmì bá bu ọmọ jẹ ládùúgbò, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á gbé igi, wọn á pa á. Bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn dókítà fẹ́ ni kí wọ́n ti ajá náà mọ́lé, kí wọ́n ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Òkú ajá kò ṣeé ṣọ́. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá wà lọ́rùn rẹ̀, wọn á pe olówó rẹ̀, olówó rẹ̀ á mú káàdì abẹ́rẹ́ wá, ìyá ọmọ á sì mọ ohun tí yóò sọ fún dókítà. Kì í ṣe pé kí ó má lọ sí ọsibítù o. Kí ó lọ, ọ̀rọ̀ ló máa bá lọ, kì í ṣe ẹkún nìkan. Ẹ jẹ́ kí n sì sọ ọ́ kó yé wa: àmì ọrùn láìsí abẹ́rẹ́, irọ́ ni a gbé kọ́ ajá lọ́rùn.

Àbá mi fún ẹgbẹ́ wa kò pọ̀. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé. Ẹ jẹ́ kí a kọ̀wé sí àwọn dókítà ẹran ní FUNAAB, lọ́nà Àlàbátà, kí wọ́n wá fún àwọn ajá àdúgbò ní abẹ́rẹ́ lórí pápá ilé-ìwé wa lọ́jọ́ náà. Kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan dá owó díẹ̀. Ajá tó bá gba abẹ́rẹ́, kí ó gba irin kékeré kan tí nọ́ńbà olówó rẹ̀ wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Ẹni tó bá fẹ́ QR code, kó fi kún un láti àpò ara rẹ̀.

Olè á já a sọnù, mo mọ̀. Olè ló lè jí ajá, ọmọlúwàbí ló ń dá a padà. Ọmọlúwàbí ṣì pọ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹ jẹ́ kí a kọ nọ́ńbà síbi tí wọn á ti rí i.