Irin Àwọ́: Ohun Tí Katakata Fi Ń Mú Ọ̀nà Tẹ́jú



Ní ọdún 1896, àgbẹ̀ kan wà lẹ́bàá ìlú Maitland, ní ìpínlẹ̀ Missouri lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. D. Ward King ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà tó gba iwájú oko rẹ̀ kọjá kò ṣeé rìn. Bí òjò bá rọ̀, kẹ̀kẹ́ ẹrù á rì sínú ẹrẹ̀. Bí oòrùn bá ràn, ipa kẹ̀kẹ́ náà á gan, á le bí òkúta. King kò dúró de ìjọba. Ó wá òpó igi óákù kan tó ti gbó, ó wá igi pọ́ǹpù omi kan tí òtútù ti bà jẹ́, ó sì fi pákó ọgbà mẹ́ta so wọ́n pọ̀, ọ̀kan níwájú, èkejì lẹ́yìn. Ó so ó mọ́ ẹṣin, ó sì wọ́ ọ lórí ọ̀nà lẹ́yìn òjò, láti ẹnu géètì tirẹ̀ dé ti aládùúgbò rẹ̀, lọ àti bọ̀.

Gbogbo ìgbà tí òjò bá ti dá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀nà tirẹ̀ ti le dáadáa nígbà tí tàwọn tó kù ṣì jẹ́ ẹrẹ̀.

Ní 1908, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan tí King fúnra rẹ̀ kọ lórí iṣẹ́ náà. Ìgbà yẹn, ó ti tún un ṣe: igi gbọọrọ kan, tó gùn ju mítà 2 lọ, ni wọ́n máa là sí méjì, tí wọ́n á nà wọ́n dúró, ọ̀kan níwájú, èkejì lẹ́yìn, kí ojú tí wọ́n là máa wo iwájú. Irin pẹlẹbẹ kan ló wà ní eteetí igi iwájú tí yóò máa ha ilẹ̀. Ẹni tó ń darí ẹṣin á dúró lórí pákó láàárín. Bó bá sún síwájú tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìwúwo ara rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí irin yóò ti jẹ ilẹ̀ jù. Ìjọba Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà lọ bá àwọn ará oko nílé láti 1896, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kì í gbà láti lọ síbi tí ọ̀nà kò bá ti dára. Igi tí a là sí méjì yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí lẹ́tà dé ọ̀pọ̀ abúlé.

Ẹṣin ti kúrò níbẹ̀ báyìí, katakata ló dé. Ọmọ Ireland kan, Harry Ferguson, ló mú kó rọrùn láti so irinṣẹ́ mọ́ katakata. Ó gba ìwé àṣẹ ní 1926 lórí ọ̀nà tí katakata fi lè gbé irinṣẹ́ sókè, kó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ní 1939, òun àti Henry Ford gbé katakata 9N jáde, tó ní apá mẹ́ta lẹ́yìn: méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Apá mẹ́ta yìí ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ katakata títí dòní. Ohun tí wẹ́dà àdúgbò bá jó, tó bá ti bá apá mẹ́ta náà mu, katakata lè gbé e.

Irin àwọ́ ni ohun tí katakata ń wọ́ lórí ọ̀nà báyìí dípò igi King. Irin gígùn méjì tó nípọn ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ni yóò máa yọ̀ lórí ilẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Irin pẹlẹbẹ méjì tó dábùú láàárín wọn ni abẹ. Kí ẹsẹ̀ náà má kúrú ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Bó bá tó mítà 2, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gígùn yìí ni àṣírí iṣẹ́ náà. Abẹ kan ṣoṣo tí a so mọ́ ẹ̀yìn katakata, ìṣe táyà ló ń tẹ̀ lé: bí táyà iwájú bá gun gegele, abẹ á rì, bí táyà bá bọ́ sí kòtò, abẹ á gbéra. Kòtò mìíràn ló ń gbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ gígùn máa ń gun orí gegele méjì pọ̀ bí afárá. Abẹ tó wà láàárín á gé orí gegele, erùpẹ̀ tó gé á máa yí lọ níwájú rẹ̀, bó bá sì bá kòtò pàdé, á dà á síbẹ̀. Gegele ló ń san gbèsè kòtò.

Etí abẹ kò gbọ́dọ̀ yọ sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1 sí 1.5 lọ. Kí abẹ dagun díẹ̀, kó má dábùú tààrà, kí erùpẹ̀ lè máa rọra yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí fífẹ̀ irin àwọ́ náà bo ipa táyà méjèèjì lẹ́yìn katakata. Abẹ gíréédà tó ti gbó tàbí sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń rọ àdá, dára gan-an fún abẹ. Ṣùgbọ́n kí wẹ́dà má jó o mọ́ ara rẹ̀. Irú irin líle bẹ́ẹ̀ máa ń sán lẹ́bàá ibi tí a ti jó o. Bóòtù ni kó fi dì í. Bó bá jẹ tán, wọ́n á tú u, wọ́n á fi òmíràn sí i.

Bí irin kò bá wúwo tó, kí wọ́n di òkúta tàbí kọnkéré mọ́ orí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gun orí rẹ̀ láé. Ẹṣin tó ń rọra rìn ló ń fa King. Katakata kò mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣubú sábẹ́ abẹ.

Nínú apá mẹ́ta katakata, apá òkè ni awakọ̀ fi ń darí abẹ. Bó bá kúrú, abẹ iwájú á jẹ ilẹ̀. Bó bá gùn, abẹ ẹ̀yìn ni yóò máa tẹ́ ojú ilẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti le jù, irin tó ní eyín ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi tú u. Kòtò tí wọ́n kàn da erùpẹ̀ bò yóò padà wá. Àfi kí eyín náà tú u dé ìsàlẹ̀.

Bí àárín ọ̀nà kò bá yọ bí ẹ̀yìn ahun, gbogbo làálàá yìí yóò já sí asán. Fún ọ̀nà tó fẹ̀ tó mítà 5, kí àárín ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12. Láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín ni kí wọ́n máa wọ́ erùpẹ̀, kí omi lè ṣàn lọ sí gọ́tà. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú ọ̀nà.

Eré kò sì bá iṣẹ́ yìí mu. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan yí táyà kékeré lórí iyanrìn, wọ́n sì rí i pé bí eré bá ti kọjá ìwọ̀n kan, ìgbì-ìgbì á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí iyanrìn náà, bí èyí tó ń gbo ọkọ̀ jìgìjìgì lójú ọ̀nà eléruku. Bí eré bá kéré, ilẹ̀ á tẹ́jú. Kìlómítà 5 sí 8 láàárín wákàtí kan tó fún katakata.

Ilẹ̀ pupa oníyangí tó pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá gba irú ìtọ́jú yìí dáadáa, nítorí ó máa ń gan bó bá gbẹ lẹ́yìn tí a ti tẹ́ ẹ. Àkókò ló ṣe pàtàkì: kó má gbẹ furufuru, kó má sì jẹ́ ẹrẹ̀. Kí wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan, kí wọ́n fún un mọ́wọ́. Bó bá dì pọ̀ tí kò lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ti tó àkókò. Nítorí náà, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yòówù tó bá ní katakata kan, kí wọ́n pe wẹ́dà wọn lónìí, kí irin àwọ́ ti wà nílẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀.