Níbi Tí Kò Sí Adarí, Ìlànà Ni Adarí: Bí Bàálù Kéékèèké Ṣe Ń Yàgò fún Ara Wọn Lójú Òfúrufú

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ìyànà Ọ̀fà, Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́



Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló kan ará Ìyànà Ọ̀fà nínú ọ̀rọ̀ bàálù. Ó kàn wá gan-an. Pápákọ̀ òfúrufú Ìbàdàn tó wà ní Aláàkíà, tí Ìjọba Àpapọ̀ sọ ní orúkọ Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ní ọdún 2023, kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 2023 kan náà, bàálù jẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó ń bọ̀ láti Àbújá wọ igbó lẹ́bàá pápákọ̀ náà lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú. Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ìkọlura lójú òfúrufú, ṣùgbọ́n ó yẹ kó jẹ́ ká mọ̀ pé ohun tó bá já bọ́ láti òkè, orí oko ẹnì kan ni yóò já sí.

Aláàkíà ní ilé ìṣọ́, ó ní adarí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ pápá tí bàálù kéékèèké ń lò láyé ni kò ní. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 5,000 pápákọ̀ ló ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Èyí tó ní ilé ìṣọ́ nínú wọn kò ju 500 ó lé díẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, àìmọye pápá eléruku ni àwọn dókítà, awakùsà àti àwọn àjíhìnrere ń lò, tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí yóò sọ fún awakọ̀ pé dúró tàbí máa bọ̀. Báwo ni àwọn bàálù ibẹ̀ kò ṣe ń kọlu ara wọn? Ìdáhùn mi kò gùn: níbi tí kò bá ti sí adarí, ìlànà ni adarí. Rédíò dára, ojú dára, ṣùgbọ́n ìlànà ló ń sọ fún ojú ibi tí yóò wò, òun náà ló ń sọ fún etí ohun tí yóò máa retí.

Ìjàǹbá méjì nínú oṣù kan

Oṣù Kọkànlá ọdún 1996 kọ́ aráyé lẹ́kọ̀ọ́ yìí lọ́nà tó korò. Ní ọjọ́ 7, bàálù iléeṣẹ́ ADC ń bọ̀ ní Èkó láti Port Harcourt. Bàálù Triax kan ń gòkè bọ̀ láti Èkó. Adarí wà, ó ń bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ọ̀nà wọn pàdé. Nígbà tí awakọ̀ ADC yóò fi mọ̀ pé èkejì wà níwájú, ó ti sún mọ́ jù. Ó dẹ bàálù náà sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì láti yẹ̀ ẹ́, bàálù bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì já lulẹ̀ ní Èjìnrìn, níhà Ẹ̀pẹ́. Ènìyàn 144 ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó yè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake, ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ ìṣèlú, wà lára wọn. Ẹ fi sọ́kàn pé àwọn bàálù méjèèjì kò fara kan ara wọn rárá. Pé wọ́n pàdé níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti pàdé ló pa àwọn 144 náà.

Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 19, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Quincy, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Pápá yìí kò ní ilé ìṣọ́. Bàálù kan tó gbé èrò 10 àti awakọ̀ 2 fẹ́ balẹ̀. Bàálù kékeré méjì tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́nu ọ̀nà mìíràn tó dábùú ọ̀nà ìbalẹ̀ náà, wọ́n fẹ́ gbéra. Awakọ̀ tó ń bọ̀ béèrè lórí rédíò pé ṣé ẹni tó wà níwájú yóò dúró de òun. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló dáhùn pé òun dúró. Lákòókò yẹn gan-an ni ẹ̀rọ ìkìlọ̀ inú bàálù tó ń balẹ̀ fọhùn, kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìdáhùn náà tán. Wọ́n gbà pé ẹni tí àwọn bi ló dáhùn. Ẹni náà kò sọ nǹkan kan. Ó ti ń sáré bọ̀ láti gbéra. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti dábùú ara wọn ni wọ́n ti kọlura, iná sì sọ. Gbogbo àwọn 14 tó wà nínú bàálù méjèèjì ló kú.

Ní Èjìnrìn, adarí wà, ohùn wà. Ní Quincy, kò sí adarí, ohùn ṣì wà. Ohùn nìkan kò gba ẹnikẹ́ni là.

Ìlànà tí àgbáyé fẹnu kò sí

Àjọ ICAO tó ń rí sí ìrìnnà òfúrufú lágbàáyé ti kọ òfin ìyàgò sílẹ̀, Nàìjíríà sì tẹ̀ lé e. Bí bàálù méjì bá kọjú síra, kí oníkálukú yà sí ọ̀tún ara rẹ̀. Bí ọ̀nà wọn bá fẹ́ dábùú ara wọn, ẹni tó rí èkejì ní apá ọ̀tún rẹ̀ ni yóò yàgò. Ẹni tó fẹ́ ya ẹlòmíràn sílẹ̀, apá ọ̀tún ni kó gbà. Ẹni tó ń balẹ̀ ló ni ọ̀nà. Bí méjì bá sì ń balẹ̀ pa pọ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ṣáájú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi ìyẹn já sí iwájú ẹni tó ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyípo ìbalẹ̀ tún wà. Bàálù tó dé pápá kì í ṣàdédé forí lé ilẹ̀. Yóò kọ́kọ́ fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ìbalẹ̀, ní nǹkan bí 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè ilẹ̀, atẹ́gùn yóò máa tì í lẹ́yìn. Bó bá kọjá òpin ọ̀nà náà, yóò yà sí òsì, yóò tún yà sí òsì, nígbà náà ni yóò tó kọjú sí ọ̀nà ìbalẹ̀ àti sí atẹ́gùn. Òsì ni wọ́n yàn nítorí pé apá òsì ni awakọ̀ àgbà ń jókòó sí, ibẹ̀ ló ti ń rí ilẹ̀ dáadáa. Pápá tó bá fẹ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀. Láti bíi máìlì 10 ni yóò ti máa sọ lórí rédíò orúkọ pápá náà, ibi tó wà, bó ṣe ga tó àti ohun tó fẹ́ ṣe, yóò sì tún pe orúkọ pápá náà níparí, nítorí pé pápá púpọ̀ lè máa lo ìkànnì kan náà.

Àwọn baba wa ọdẹ mọ irú ìlànà yìí. Ọdẹ méjì kì í wọ igbó kan náà lóru láìjẹ́ pé wọ́n ti fẹnu kò sí apá tí kálukú yóò gbà. Iná orí nìkan kò tó, nítorí pé nínú òkùnkùn, iná ọdẹ àti ojú ẹran lè jọra.

Ibi tí ojú kò tó

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa pé ẹni tó bá la ojú sílẹ̀ yóò rí gbogbo nǹkan. Bàálù tó ń kọjá lọ máa ń rìn lójú gíláàsì, ojú á sì tètè mú un. Èyí tó ń bọ̀ wá kọlù ọ́ kì í rìn. Ojú kan náà ni yóò wà lójú gíláàsì, bí ẹ̀gbin kékeré, kò ní kúrò níbẹ̀, yóò kàn ṣàdédé tóbi ni. Àjọ FAA tó ń rí sí ìrìnnà òfúrufú ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé láti ìgbà tí ojú bá bá nǹkan pàdé títí tí bàálù yóò fi yà, ó ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 12.5. Bí bàálù méjì bá kọjú síra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sá kìlómítà 185 ní wákàtí kan, wọn yóò ti jẹ ju kìlómítà kan lọ nínú àlàfo àárín wọn kí àkókò yẹn tó pé.

Ìyẹ́ bàálù náà ń díni lójú. Bàálù tí ìyẹ́ rẹ̀ wà lókè kò lè rí ẹni tó wà lórí rẹ̀. Èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ kò lè rí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí èkejì bá wà lórí èkíní nígbà ìbalẹ̀, àwọn méjèèjì di afọ́jú síra wọn.

Ẹ wo Watsonville ní California, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 2022. Pápá náà kò ní ilé ìṣọ́. Cessna 152 kékeré kan, tí ẹnì kan ṣoṣo ń wà, ń yípo bí ìlànà ṣe wí. Cessna 340 ẹlẹ́ńjìnnì méjì, tó gbé ènìyàn méjì, ń bọ̀ tààrà láti òkèèrè láìyípo, eré rẹ̀ sì pọ̀ gan-an. Àwọn méjèèjì ń kéde ara wọn lórí rédíò. Ẹni tó wà nínú èyí tó kéré rí i pé èkejì ń sáré ká òun mọ́ lẹ́yìn, ó sì kéde pé òun yóò gòkè padà. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ènìyàn mẹ́ta kú. Àjọ tó wádìí rẹ̀ dá awakọ̀ Cessna 340 lẹ́bi pé kò rí èkejì kó sì yẹ̀ ẹ́ bó ṣe gba àárín ìyípo kọjá tààrà.

Ìdájọ́ tèmi kò yàtọ̀. Òfin kò fi dandan sọ pé bíbọ̀ tààrà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fò kọjá ìyípo ti gba ojú lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé wọn kò retí ẹnikẹ́ni láti ibẹ̀.

Àwa ní ilẹ̀ Áfíríkà

Ojú òfúrufú wa gbòòrò, adarí kò kárí. Ìdí nìyí tí IATA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ bàálù lágbàáyé, fi ya ìkànnì rédíò 126.9 sọ́tọ̀ fún awakọ̀ tó ń kọjá lórí apá púpọ̀ nínú Áfíríkà, kí wọ́n máa fi kéde ara wọn fún ara wọn. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, bàálù kékeré kan tó ń gbé aláìsàn lọ sí Dakar fara gbún bàálù ńlá kan lórí Senegal. Ẹ̀rọ tó ń sọ bí bàálù kékeré náà ṣe ga tó kò péye. Àwọn awakọ̀ rẹ̀ rò pé 34,000 ẹsẹ̀ bàtà ni àwọn wà, 35,000 ni wọ́n wà. Àwọn méje tó wà nínú èyí tó kéré kú. Èyí tó tóbi gúnlẹ̀ láyọ̀. Ẹni tó bá ń kéde ibi tó wà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i dájú pé òtítọ́ ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń sọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lọ kọ́ iṣẹ́ bàálù ní Zaria tàbí ní Ìlọrin, ẹ má jẹ́ kí ìkánjú mú yín fo ìyípo. Ẹ sọ̀rọ̀ ṣókí, kí ẹ gbọ́ ju bí ẹ ṣe ń sọ lọ. Bí ìdáhùn kò bá yé yín, ẹ tún béèrè, kí ẹ sì pe orúkọ ẹni tí ẹ ń bi.

Ẹ̀yin olówó tí ẹ fẹ́ la pápá sórí ilẹ̀ yín, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń rí sí ìrìnnà òfúrufú ní Nàìjíríà, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo awakọ̀ mọ ìkànnì yín àti apá tí ìyípo yín ń yà sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi dúróònù ya fọ́tò níbi ìgbéyàwó tàbí tí ẹ ń fi í fọ́n oògùn sóko ní Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ẹ kì í ṣe ọmọ ìta nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àṣẹ NCAA àti ti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò orílẹ̀-èdè ni òfin ní kí ẹ gbà. Awakọ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ sí Aláàkíà kò retí yín, bẹ́ẹ̀ ni kò lè rí yín. Ẹ jìnnà sí ọ̀nà rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìró bàálù, ẹ sọ dúróònù yín kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí fọ́tò tó tó ẹ̀mí ènìyàn kan.