Sójà Dé Ilé: Ọ̀rọ̀ lórí Ọkọ̀ àti Ọjọ́ Sátidé

Àwọn sójà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Bí sójà bá bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀, tí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní bárékè, báwo ni ó ṣe ń gbé nínú ilé? Kí ni ó ń fi ọkọ̀ ṣe? Kí ni ó ń ṣe ní ọjọ́ Sátidé? Ohun tí a fi ojú ara wa rí ni a ó sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí àwọn bàbá wa tí wọ́n lọ sí Bọ́mà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n kó àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ bá àwọn ará Japan jà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba iwájú bárékè Letmauk kọjá ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ ibì kan ní Bọ́mà ni Letmauk? Wọ́n jà níbẹ̀ ní 1945. Bárékè Arakan tó wà ní Àpápá, ní Èkó, ilẹ̀ Bọ́mà kan náà ló ti gba orúkọ tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé, púpọ̀ nínú wọn mú iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà bọ̀. Ẹni tí kò di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú rí kó tó lọ ti kọ́ lọ́rì wíwà. Irú wọn ló wá ń wa bọ̀lẹ́kájà káàkiri ilẹ̀ wa. Nígbà tí a wà ní kékeré, bàbá kan bẹ́ẹ̀ wà ní àdúgbò wa. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, àwa ọmọdé ni à ń bá a pọn omi tó fi ń fọ lọ́rì. Bí a bá fọ̀ ọ́ tán, a ó tò sílẹ̀, yóò wá wo àtẹ́lẹwọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó fún wa ní àkàrà. Ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ sùn sábẹ́ lọ́rì náà. Bí ó bá sùn síbẹ̀, ariwo Bàbá á dé ọjà.

Ọ̀kan wà nínú àwọn ọmọ Bọ́mà yìí tí orúkọ rẹ̀ kàn jìnnà. Isaac Fadoyebo ni, ọmọ abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942. Ní 1944 ọta ìbọn bà á ní ẹsẹ̀ létí odò kan ní Bọ́mà, àwọn kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì kú. Àgbẹ̀ kan tó jẹ́ Mùsùlùmí ní abúlé tó wà nítòsí ni ó fi í pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí ó ń bọ́ ọ. Nígbà tó padà sílé, ó ń tiro, ó sì ṣe iṣẹ́ ìjọba ní Èkó. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi etí sí ni pé ó jókòó, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1999. Ní 2011, oníròyìn kan mú lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ àgbẹ̀ náà ní Bọ́mà. Ó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ! Fadoyebo kú ní 2012. Ẹ̀yin ará wa, mélòó nínú àwọn tó lọ ni wọ́n bá ìtàn tiwọn sin?

Ó tó nípa Bọ́mà. Ẹ jẹ́ ká dé ìdí ọ̀rọ̀ tí a gbé wá.

Bàbá kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Sájẹ́ǹtì. A kò ní dárúkọ tí wọ́n sọ ọ́, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ka ìwé kékeré wa yìí. Ó wọṣẹ́ ológun ní 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Ó fẹ̀yìn tì ní 1995. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Òjòó, ní Ìbàdàn.

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, aago márùn-ún, Bàbá ti gbá ojúlé tán. Aṣọ ibùsùn rẹ̀ a máa le bí igi. Àwọn ọmọ-ọmọ kì í jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n tò, kí ó wo èékánná wọn. Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, kì í bá a jà lórí èyí. Òun náà ti jẹ́ Màgájíyà ní bárékè, ìyẹn olórí àwọn ìyàwó sójà. Ó ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní mámì-mákẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń dájọ́ láàrin àwọn obìnrin. Nítorí náà ọ̀gá méjì ló wà nínú ilé yàrá mẹ́ta yẹn. (Àwa kò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún tí a fi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé kò kéré. Títí di òní, ìyàwó wa ṣì máa ń bi wá pé, ta ni akẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé yìí?)

Sátidé ni ọjọ́ fàájì. Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé Bàbá ni àwọn sójà àtijọ́ ń péjọ sí. Ẹnì kan á gbé dírááfù wá, ẹnì kan á gbé ọpọ́n ayò wá. Rédíò á máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ẹmu á wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Ní ti ayò, Bàbá Sájẹ́ǹtì kò láfiwé. Bí ó bá wo ọpọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti mọ iye ọmọ ayò tó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, láìfi ọwọ́ kàn án. Ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta! Ẹni tó bá rí i kò ní gbà pé Bàbá kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà.

Bẹ́ẹ̀ ni, kò mọ̀ ọ́n. Ó fi pamọ́ ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó fi ṣe ológun. Ó mọ nọ́ńbà, ó mọ owó, ó mọ bí ọ̀rọ̀ mélòó kan ṣe rí lójú pátákó. Èyí tí kò bá mọ̀, á ní dígí ojú òun ń bẹ nílé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018 Bàbá kó owó rẹ̀ jọ, ó ra Micra kan, ọkọ̀ tákísì tí ó pọ̀ ní Ìbàdàn bí eéṣú. Ó gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan, háyà-pọ́ṣéèsì. Ẹ mọ bó ti ń rí: awakọ̀ á máa san owó díẹ̀díẹ̀, bó bá san án pé, ọkọ̀ di tirẹ̀. Akọ̀wé kan lẹ́bàá kóòtù bá wọn kọ ìwé. ₦12,000 ni gbogbo Sátidé, fún ọgọ́rin ọ̀sẹ̀. Àwọn méjèèjì tẹ ìka. Kò sí rìsíìtì. Sátidé kìíní nínú oṣù kejì ni awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí san owó, lábẹ́ igi máńgòrò níbẹ̀. Bí ó bá ti san án, Bàbá á wọlé, á mú ṣọ́ọ̀kì, á fa ìlà kan sára ilẹ̀kùn yàrá ẹrù. Ilẹ̀kùn yẹn ni ìwé rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kìíní 2019, Bàbá lọ sí ìpàdé Legion, ẹgbẹ́ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì. Ìmúrasílẹ̀ ọjọ́ 15 oṣù kìíní ni wọ́n ń ṣe, ọjọ́ tí a fi ń rántí àwọn ológun tó kú. (Oṣù kọkànlá ni a ń ṣe é tẹ́lẹ̀, nítorí pé ogun abẹ́lé parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1970 ni wọ́n fi gbé e wá síbẹ̀.) Ọmọ rẹ̀ tó wá ṣọdún láti Èkó fẹ́ ṣe bàbá rẹ̀ lóore kó tó padà. Ó ra ọ̀dà, ó kun ilé. Ó kun ilẹ̀kùn yàrá ẹrù náà. Nígbà tí Bàbá dé pẹ̀lú fìlà àti mẹ́dàì rẹ̀ láyà, ilẹ̀kùn ń dán gbinrin.

Bàbá kò sọ̀rọ̀. Ìlà mọ́kànlélógójì ni ó kà kẹ́yìn, ó ní òun ó fi í sórí. Bẹ́ẹ̀ ni ó wà títí di ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, tí awakọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ pé, “Bàbá, ẹ ṣeun o. Mo san án pé lónìí. Ọgọ́rin ọ̀sẹ̀ pé.” Bàbá ní, “Ọgọ́rin báwo? Mọ́kàndínláàádọ́rin ni mo gbà!” Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni àlàfo tó wà láàrin wọn. ₦132,000. Owó yẹn kì í ṣe owó ẹ̀pà.

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Bàbá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Awakọ̀ náà ní ọmọ mẹ́ta nílé, ojú rẹ̀ pọ́n. “Ṣé olè wá ni mí ni, Bàbá?” Lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n lọ pe àwọn ọmọ bárékè wá kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀. A gbọ́ ọ ní etí wa. Ẹ̀yin ará wa, ẹ mọ ohun tí ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń bí. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa ní àyè di ọ̀la.

Ìyá Ìbejì ló gbà wá. Láti oṣù kìíní ọdún yẹn ni ó ti ń wá sí kíláàsì wa, inú ọkọ rẹ̀ kò sì dùn sí i tó. Iṣẹ́ àmúrelé tí a fún kíláàsì náà ni pé, ní gbogbo alẹ́ Sátidé, kí olúkúlùkù kọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ì báà ṣe gbólóhùn méjì. Àwa kò ní èrò owó ọkọ̀ lọ́kàn. A kàn fẹ́ kí ọwọ́ wọn là ni. Ó gbé ìwé rẹ̀ jáde láti abẹ́ àpótí gèlè. A jókòó ní ọ̀sán Sọ́ńdè, awakọ̀ mú àbúrò bàbá rẹ̀ wá, ọmọ ẹgbẹ́ Legion méjì wà níbẹ̀. A ní kí Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ kà á.

Ó kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́. “Dírẹ́bà mú owó wá. A se ẹ̀wà.” “Dírẹ́bà mú owó wá. Òjò rọ̀.” “Bàbá Ìbejì na kọ́púrù ní ayò. Dírẹ́bà mú owó wá.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, kọ́púrù fúnra rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó tún kà: “Dírẹ́bà kò wá. Ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.” Irú èyí jẹ́ mẹ́ta. Nígbà tó kà á tán, Sátidé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú ìwé náà, owó wọlé ní méjìdínlọ́gbọ̀n. Awakọ̀ di orí mú. Ó ní, “Òótọ́ ni o, ẹ́ńjìnì. Mo ti gbàgbé.” Kò purọ́, inú orí ni òun náà ń kọ tirẹ̀ sí.

Ìyẹn yanjú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n Sátidé mọ́kàndínláàádọ́ta tó ṣáájú ìwé yẹn ńkọ́? Awakọ̀ ní òun san gbogbo rẹ̀, Bàbá ní ìlà mọ́kànlélógójì ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nìyẹn, ọ̀dà sì ti bò ó. A kò rí ẹni tó mọ òótọ́ rẹ̀ títí di òní. Wọ́n pín in sí méjì: awakọ̀ san mẹ́rin, Bàbá gbàgbé mẹ́rin. Pẹ̀lú mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ méje, ₦84,000. Bàbá dá kọ́kọ́rọ́ padà lọ́jọ́ náà. Awakọ̀ san án tán kí ọdún tó parí, ṣùgbọ́n wọn kò tíì jọ mu ẹmu lábẹ́ igi yẹn mọ́. Ó dùn wá.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì wa pẹ̀lú fìlà Legion lórí. Ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ ń gba arúgbó?” A ní, “Ẹ wọlé, Bàbá, ẹ jókòó.” Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí, ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ìyá Ìbejì wà níwájú, kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n a rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, ìwé ọkọ̀ ni a ó fi ṣe ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tàbí alùpùpù, tàbí tí ọkọ rẹ̀ ní in, kí ó mú ìwé rẹ̀ wá. A ó wá ọjọ́ tí ó máa parí lára rẹ̀. Ọdọọdún ni a ń tún ìwé àṣẹ ọkọ̀ ṣe. Ìwé pé ọkọ̀ akérò yẹ fún ojú títì, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni. Ìwé àṣẹ awakọ̀ jẹ́ ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún, bí ẹ bá ti san án. Ẹ mú ìwé ìkọ̀wé àti pẹ́ńsùlù dání. Aago mẹ́rin ni. Bàbá Sájẹ́ǹtì ní òun ó gbé ọpọ́n ayò wá fún ìgbà tí a bá ṣe tán.