Ẹṣin Tí Ó Ti Ọ̀nà Jíjìn Wá

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, púpọ̀ nínú ẹṣin tí àwọn ìdílé Balógun ń gùn lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ilẹ̀ Haúsá ni orírun wọn. Láti Kánò dé Ṣàgámù ju 800 kìlómítà lọ, inú ọkọ̀ akẹ́rù ni ẹṣin sì ń dúró sí.

Àwọn tí ń kó wọn a máa so orí wọn sókè kí wọn má baà bá ara wọn jà. Ibẹ̀ gan-an ni òtútù àyà ti ń wọlé. Kòkòrò àrùn a máa gbé ọ̀fun ẹṣin tí ara rẹ̀ le pàápàá. Bí ó bá tẹ orí ba láti jẹ koríko, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a gbé wọn ṣàn jáde. Bí orí rẹ̀ bá wà lókè fún wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn a sọ̀kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró, wọn a sì máa bí sí i.

Nítorí náà, kí awakọ̀ máa dúró ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n tú okùn, kí orí ẹṣin balẹ̀, kí ó sì mu omi.

Bí ó bá dé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gùn ún lójú ẹsẹ̀, bí ọdún tilẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Kí wọ́n fi òṣùwọ̀n ìgbóná wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ìgbóná bá ju 38.5 Celsius lọ, tí kò sì jẹun, kí wọ́n pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n má dúró de ikọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ń húkọ́. Pẹnisílínì a máa ṣiṣẹ́ bí ó bá tètè dé. Bí omi bá ti gbá jọ sí àyà, ìwòsàn di ọ̀ràn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀.