Ẹ̀sìn Wa àti Àga Ìjọba
(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ lísè kan sọ níwájú àwọn àgbà, àwọn aláṣẹ àti àwọn ọ̀dọ́ níbi ọdún ìbílẹ̀ wa ní Komah)

   

Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ wa ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn àti ìjọba. Mo bi wọ́n pé ṣé kò sí ọ̀rọ̀ tó tutù ju èyí lọ ni, torí olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe olóṣèlú. Wọ́n ní èyí gan-an ni àwọn fẹ́. Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tó bá le, àárín ẹbí ni a ti ń kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ará ìta tó wá bá wa sọ ọ́ ní ọ̀nà tirẹ̀.

Ẹ wo bí a ti jókòó. Ìmáàmù wà níwájú, fadá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn àgbà tó mọ orúkọ ewé àti orúkọ òrìṣà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjèèjì. Kì í ṣe pé a ṣe é fún fọ́tò. Bí ilé wa ti rí nìyẹn. Nínú agbo ilé kan ṣoṣo, bàbá ń kírun, ẹ̀gbọ́n ìyá ń lọ sí máàsì, ìyá àgbà sì ń da omi sílẹ̀ láàárọ̀ kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí òkú bá ṣẹlẹ̀, gbogbo wọn ló ń gbé pósí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún wa pé ẹ̀sìn kan ló gbọ́dọ̀ di ìjọba mú, kí ó kọ́kọ́ sọ fún wa ẹni tí a ó lé kúrò nínú ilé.

Àwọn ọmọ mi ní kíláàsì máa ń bi mí nípa ọ̀rọ̀ kan tó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa àtijọ́, èyí tí ará ìlú dìbò fún ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, tí a sì lò títí di ọdún 2024. Àlàyé kìíní rẹ̀ sọ pé ìjọba Tógò jẹ́ ìjọba laïque. Wọ́n á ní, “Ọ̀gá, ṣé ìjọba tí kò mọ Ọlọ́run ni?” Rárá o. Inú ìjà tí àwọn Faransé bá Ìjọ Àgùdà jà ní ilẹ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, òfin tó ya ìjọ àti ìjọba nípá níbẹ̀ sì jẹ́ ti ọdún 1905. A kò jà irú ìjà yẹn rí. A kàn yá ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wọn ni, bí ẹni yá ẹ̀wù. Ó sì yẹ kí a gé e kó bá ara wa mu.

Ó dà bíi pé a ti gé e díẹ̀. Ìjọba Tógò ń fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ní ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá, ó sì ń fún wọn ní Kérésìmesì àti ọjọ́ Ìgòkè Jésù. Ní ọdún 1997, Tógò wọ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí Ìsìláàmù pa pọ̀, ìwé òfin wa sì tún ń jẹ́ laïque síbẹ̀. Faransé kan lè rí èyí kó mi orí. Èmi ò rí àléébù níbẹ̀, bí ó bá ṣáà jẹ́ pé ẹni tó wá gba ìwé ìbí ọmọ rẹ̀ ní ilé mẹ́ẹ̀rì, wọn ò ní bi í pé níbo ló ti ń gbàdúrà. Ìwé òfin 1992 náà tún sọ nínú àlàyé keje pé ẹgbẹ́ òṣèlú kankan kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ jọ ẹkùn kan, tàbí ẹ̀yà kan, tàbí ẹ̀sìn kan. Àlàyé 25 sì fún olúkúlùkù láyè láti gba ohun tó bá gbà gbọ́. Èmi máa ń ní kí àwọn ọmọ mi kọ́ méjèèjì sórí pa pọ̀, torí èkíní ló ń ṣọ́ èkejì.

Ẹ ó bi mí pé, kí ló wá dé tí wọ́n fi bíṣọ́ọ̀bù ṣe alága Àpérò Orílẹ̀-èdè ní Lomé ní ọdún 1991? Mgr Philippe Fanoko Kpodzro ni, bíṣọ́ọ̀bù Atakpamé nígbà náà. Ní Benin, ní oṣù kejì ọdún 1990, Mgr Isidore de Souza ni wọ́n fi ṣe é. Ìgbìmọ̀ Òtítọ́, Ìdájọ́ àti Ìlàjà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Tógò ní ọdún 2009, Mgr Nicodème Barrigah tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Atakpamé ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Wọn ò yàn wọ́n torí pé Àgùdà ló ni Tógò tàbí Benin. Wọ́n yàn wọ́n torí pé wọn kì í du àga. Ẹni tí kò bá wọn gbá bọ́ọ̀lù ni a ń fún ní fèrè.

Ẹ sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn. Ní 1991, ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ọ̀tún àti òsì ló gbé Mgr Kpodzro sórí àga náà. Ní ìbò ọdún 2020, nígbà tó ti darúgbó, ó dúró ní gbangba lẹ́yìn olùdíje kan. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni gẹ́gẹ́ bí ọmọ Tógò, n ò sì ní bá òkú jà: òkè òkun, ní Sweden, ló kú sí ní 2024. Ohun tí mo rí ni pé láti ọjọ́ tó ti gbé ọwọ́ olùdíje yẹn sókè, ẹni tó wà ní ìhà kejì kò lè gbé ẹjọ́ wá bá a mọ́. Ìmáàmù tàbí pásítọ̀ tó bá fẹ́ kí ó lè pẹ̀tù sí ìjà ní Komah lọ́la, kí ó ro èyí dáadáa kí ó tó gba àǹkàrá ẹgbẹ́ òṣèlú lónìí.

Nísinsìnyí mo dé ibi tó ń dùn wá. Ẹ̀yin ará Sokodé, ẹ kò tíì gbàgbé ọdún 2017. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ, ìwọ́de bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú yìí, ẹ̀mí sì sọnù. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá, wọ́n mú ìmáàmù kan tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò, ìlú sì gbiná lóru náà. Àwọn ọ̀dọ́ kú, àwọn sójà náà kú, wọ́n dáná sun ilé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá lọ sí abúlé. Ọ̀rọ̀ tó kó àwọn ènìyàn jáde, ọ̀rọ̀ ìwé òfin 1992 ni: ìgbà mélòó ni olórí lè jẹ. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó kan Kùránì tàbí Bíbélì. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n mú ti jẹ́ ẹni tó ń wàásù, bí ìlú wa sì ti jẹ́ ìlú Mùsùlùmí, kíá ni àwọn kan ti ń sọ pé ìjà ẹ̀sìn ni, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń pè é ní jìhádì.

Ọ̀nà méjì ni èyí gbà burú, ẹ jọ̀ọ́. Bí olóṣèlú bá sọ mímbárì di pèpéle ìpolongo, ó ti fi ojúlé Ọlọ́run sí iwájú ìbọn. Bí aláṣẹ náà bá sì fi orúkọ ẹ̀sìn pe ẹ̀dùn ọkàn ará ìlú, ó ti fi ọmọ ta ẹni tó ń wá ọmọ ọlọ́mọ kiri. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà, kò sì jìnnà. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 2022, àwọn agbébọn pa sójà wa mẹ́jọ ní Kpékpakandi, ní ẹkùn Kpendjal, ní òkè pátápátá ní ẹkùn Savanes. Orúkọ ẹ̀sìn ni wọ́n ń pè. Ọmọ tí ìjọba ti sọ fún pé ọ̀tá ni torí ilà ẹ̀sìn rẹ̀, àwọn wọ̀nyẹn ló máa kọ́kọ́ pè é ní arákùnrin.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Ṣàgámù, ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní Nàìjíríà, torí ọ̀rọ̀ àṣà ìbílẹ̀ ni tiwọn náà, ó sì kàn wá ju bí a ti rò lọ. Oṣù keje ọdún 1999 ni. Ìjọba alágbádá kò tíì pé oṣù méjì tó padà sí Nàìjíríà. Àwọn olórò jáde lóru. Obìnrin kì í rí Orò. Obìnrin Haúsá kan wà níta ní òru náà, wọ́n sì pa á. Bí ìjà ṣe bẹ́ láàárín Yorùbá àti Haúsá nìyẹn. Ó lé ní 50 ènìyàn tó kú, ilé àti ṣọ́ọ̀bù jóná. Àwọn Haúsá wọ̀nyẹn kì í ṣe àlejò àná. Obì ló kó àwọn bàbá wọn wá sí Rẹ́mọ, wọ́n ti bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ sì ń sọ Yorùbá. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ìjà ẹ̀san bẹ́ ní Kánò. Àwọn Yorùbá tó ń gbé Kánò kò sí ní Ṣàgámù lóru Orò. Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn. Kò gbà wọ́n.

Ẹ̀yin àgbà àwo, ẹ má bínú sí ọmọ yín. N ò sọ pé kí a pa àṣà tì. Bí mo bá fẹ́ kí a pa á tì, n ò ní wọ aṣọ yìí wá síbí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ohun tí obìnrin náà ṣe tó tó ikú. Igbó ìgbàlẹ̀ lè ní èèwọ̀, ó lè ní ìtanràn fún ọmọ awo tó bá rú u. Ẹ̀mí ènìyàn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọba ìlú pàápàá kò ní in mọ́. Ilé ẹjọ́ ìjọba nìkan ló lè fi ìyà ọ̀ràn jẹ ọmọ Tógò, ilé ẹjọ́ náà sì ní òfin tó dè é.

Ìdí rẹ̀ tí n ò fi ya ọ̀rọ̀ Ṣàgámù sọ́tọ̀ kúrò lára ti Sharíà nìyẹn. Ní ọdún kan náà, 1999, ìpínlẹ̀ Zamfara kéde pé Sharíà ni òfin ọ̀daràn àwọn. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2000, wọ́n ti gé ọwọ́ ọkùnrin kan tó jí màlúù. Kaduna náà fẹ́ gba òfin yìí. Àwọn Kristẹni wọ́de ní oṣù kejì ọdún 2000, ìjà bẹ́, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tó kú ní ọdún náà. Àwọn Mùsùlùmí Kaduna ti ń fi Sharíà pín ogún àti tú ìgbéyàwó ká kí èyí tó dé, kò sì dá ìjà sílẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀sìn fẹ́ gba pàṣán àti ọ̀bẹ lọ́wọ́ ìjọba ni aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wo aládùúgbò pẹ̀lú ẹ̀rù. Bó jẹ́ Orò, bó jẹ́ Sharíà, bó jẹ́ ìjọ tó ń dáná sun ìyá arúgbó pé àjẹ́ ni, ìbéèrè kan ni èmi ń bi wọ́n: ta ló fún yín ní pàṣán?

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé ẹlẹ́sìn kò lè ṣe rere nígbà tí ìjọba bá wó. Ní Bangui, ní orílẹ̀-èdè Centrafrique, ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, nígbà tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ogun ń pa Mùsùlùmí, tí wọ́n ń pa Kristẹni, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Dieudonné Nzapalainga gba ìmáàmù Oumar Kobine Layama sílé ara rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ kan, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù ló fi gbé níbẹ̀. Àwọn méjèèjì àti pásítọ̀ Nicolas Guérékoyamé-Gbangou wá jọ ń kiri àdúgbò, wọ́n ń bẹ àwọn ènìyàn. Kò dá ogun dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ mọ́ pé Ọlọ́run ló rán òun níṣẹ́ ìpànìyàn, torí àwọn tó yẹ kí Ọlọ́run rán wà nínú yàrá kan, wọ́n jọ ń jẹun.

Níbí náà, a kò ṣófo. Àwọn ará wa Tem ti so Gadao, ọdún ìkórè àtayébáyé, mọ́ Adossa, ọdún ọ̀bẹ tó ń wáyé ní àsìkò ìbí Ànábì, wọ́n sì ń ṣe méjèèjì pọ̀ níta gbangba ní Sokodé. Àwọn oníwàásù kan kò fẹ́ràn rẹ̀, mo mọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ń fi ọ̀bẹ lu àyà rẹ̀ tí kò sì farapa lọ́jọ́ náà, mọ́sálásí ló ń lọ ní ọjọ́ Jímọ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin aláṣẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá wa mẹ́ẹ̀rì, láti ìbò ìbílẹ̀ ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2019, èyí tí a ti ń retí fún ohun tó lé ní 30 ọdún, ilé mẹ́ẹ̀rì ti padà sọ́wọ́ àwọn tí a dìbò yàn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìsìnkú, ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lóru, àti ti ojú ọ̀nà tí ọdún máa gbà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ yín pinnu níwájú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì lẹ ìpinnu náà mọ́ ògiri. Ẹ̀yin ìmáàmù, fadá àti pásítọ̀, ní àsìkò ìbò, ẹ jẹ́ kí olóṣèlú wá gbàdúrà lọ́dọ̀ yín bí ẹlòmíràn, kí ó jókòó sẹ́yìn, kí ó má gba máíkì. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ọdún, bí ètùtù kan bá wà tí àlejò kò gbọdọ̀ rí, ẹ kéde rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ní èdè wa, ní Tem, ní Haúsá àti ní Faransé, lórí rédíò àti ní ọjà. Kí ẹ sì yan ọ̀dọ́ mẹ́wàá tí iṣẹ́ wọn ní òru náà kò ní ju pé kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni tó bá ṣìnà padà sí ilé rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Èmi àti àwọn ọmọ lísè wa ti ṣetán láti kọ ìkéde náà ní èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìgba owó.

Mo rí i pé ọ̀gá onílù ti ń wo aago.